Fèrèsé Cuthbert Tí Kò Ní Kọ́tìnnì

Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà nílé Cuthbert Noreiga, ó sì máa ń bá àwọn ará ilé rìn. Bí Lystra ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ dáná, Cuthbert á yọ gílóòbù náà ní pálọ̀, á fi aṣọ ìnuwọ́ gbá a mú kó má baà jó o lọ́wọ́, á lọ fi sí ilé ìdáná. Bí ó bá di àkókò ìwẹ̀, á tún yọ ọ́.

"Èèyàn méjì ni wá," ló máa ń wí. "Ojú mẹ́rin péré la ní. Kí la fẹ́ fi iná mẹ́fà rí?"

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òtòṣì ni. Òun ló ń tọ́jú yàrá ẹrù ní ilé-ìtajà irinṣẹ́ kan ní ìlú Arima, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà níbẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti wà nílé ọkọ ní erékùṣù Tobago. Nígbà kan rí, gbogbo Òpópónà Immortelle mọ̀ ọ́n sí ọkùnrin tí í ra ọtí fún èèyàn láìka ìgò. Gbólóhùn kan péré ló sọ ọ́ di ahun, ẹnu Tántì Philo ló sì ti jáde.

Tántì Philo jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin tí eyín rẹ̀ pé, tí ahọ́n rẹ̀ sì mú ju eyín náà lọ. Ní gbogbo òpópónà, òun nìkan ló ti san gbèsè báńkì tó fi ra ilé tán. Ó fi ìwé ilé náà sínú férémù, ó gbé e kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ga ju àwòrán Jésù lọ díẹ̀. Ẹni tó bá wá kí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó kó tó jókòó. Ní Kérésìmesì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Cuthbert jókòó síbẹ̀ láàrin àwọn aládùúgbò, ó ń ṣàlàyé irú ọ̀dà tó fẹ́ fi kun ilé rẹ̀. Tántì gbé kéèkì dúdú ẹnu rẹ̀ mì, ó ní:

"Ilé ta ni, ọmọ mi? Ayálégbé báńkì ni ọ́. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni tìrẹ."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Cuthbert náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò kọjá ètè. Bí wọ́n ti dé ilé, ó kó ìwé báńkì síta, ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́jọ ló kù.

"Ọdún mẹ́ta ni n ó fi san án," ó sọ fún Lystra. "Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún kẹta, n ó mú ìwé náà lọ bá Tántì Philo. Ẹnu tó fi pè mí ní ayálégbé ni yóò fi pè mí ní onílé, níwájú gbogbo wọn."

Lystra rò pé ọtí Kérésìmesì ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní kó lọ sùn.

Ọtí dá lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò dá. Wáyà tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀. Ó tà á, ó ní ẹsẹ̀ kì í mu epo. Àpò tíì kan ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, Cuthbert á sì máa sá a sórí okùn aṣọ pẹ̀lú pẹ́ẹ̀gì láti ọjọ́ dé ọjọ́, bíi pátá ọmọ ọwọ́. Àgbọn tí Lystra máa ń fún lẹ́ẹ̀kan sínú pelau, ìrẹsì tí wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ òtìlì àti adìyẹ, ó ní kó máa fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tó ń jáde nígbà kẹta, omi lásán ni, omi tó kàn ti fojú kan àgbọn. Adìyẹ inú ìkòkò náà di ọrùn adìyẹ, ọrùn di ẹsẹ̀, nígbà tó sì di ọdún kejì, ìrẹsì àti òtìlì nìkan ló kù tí wọ́n ń wo ara wọn lójú.

"Cuthbert," Lystra bi í lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó ti àwo náà, "bí mo bá kú, ṣé wàá ra pósí fún mi, àbí wàá dúró de ìgbà tí wọ́n bá dín owó ẹ̀?"

"Ìgbà wo lo fẹ́ kú?"

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Kí n lè mọ oṣù tó máa bọ́ sí ni. Oṣù Kẹsàn-án ò dáa, owó orí ilẹ̀ wà níbẹ̀."

Lystra wò ó títí, ó sì ń wá ẹ̀rín lójú rẹ̀. Kò rí i.

Ní igun òpópónà ni Sookram ti ń ta dọ́bùlù láàárọ̀, búrẹ́dì díndín méjì pẹlẹbẹ tí ẹ̀wà ṣánà wà láàrin wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí òun àti Cuthbert ti ń ṣọ̀rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Cuthbert dúró síwájú rẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn má baà gbọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé èèyàn lè ra ìdajì?"

"Ìdajì kí ni?"

"Ìdajì dọ́bùlù."

Sookram gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé búrẹ́dì òkè lo fẹ́ ni, àbí ti ìsàlẹ̀?"

"Èyí tí owó ẹ̀ bá kéré."

"Gba odindi, Noreiga, má sanwó. Ṣáà kúrò nídìí ọjà mi kí àwọn oníbàárà yìí má baà kó àrùn ẹ."

Cuthbert gbà á, ó jẹ ìdajì, ó pọ́n ìyókù lọ sílé fún oúnjẹ alẹ́. Inú rẹ̀ dùn tó jẹ́ pé ó ń súfèé lọ.

Báyìí ni ọdún kẹta ṣe dé oṣù Kejìlá. Oṣù kọkànlá ló ta àwọn àga pálọ̀, ó ní àpótí méjì tó èèyàn méjì jókòó lé. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ṣì ku ẹgbẹ̀rún méjì àti irinwó dọ́là kó tó pé, báńkì yóò sì tilẹ̀kùn ọdún ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ ni Lystra ti wá sọ ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ tiwa mọ̀ pé Kérésìmesì kò wọ ilé tí kọ́tìnnì tuntun kò bá sí lójú fèrèsé. Èèyàn lè jẹ gbèsè ẹran, ó lè yá ọtí, ṣùgbọ́n kọ́tìnnì gbọ́dọ̀ gun òkè kí ilẹ̀ ọjọ́ Kérésìmesì tó mọ́. Lystra ti yan aṣọ tirẹ̀ ní ọjà, aláwọ̀ wúrà tí ewé pupa wà lára rẹ̀.

"Oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n máa ń dín owó aṣọ kọ́tìnnì," Cuthbert sọ.

"Kí la máa ta sójú fèrèsé di oṣù Kìn-ín-ní?"

"Atẹ́gùn."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n fọ ti àtijọ́, kí n dá a padà."

Cuthbert kọjú sí ògiri. "Mo ti tà á."

"O ti ta kí ni?"

"Mo ya á sí wẹ́wẹ́, mo tà á fún mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ilé epo. Wọ́n fi ń nu ọwọ́. Ọgọ́ta dọ́là, Lystra. Fún àkísà!"

Lystra jókòó sórí àpótí. Ohun méjì péré ló ń mú kí fèrèsé wà níhòòhò ní Arima nígbà Kérésìmesì: kí òkú wà nínú ilé, tàbí kí ilé má ní ẹni tó ni ín mọ́. Ọmọ bíbí Arima ni Cuthbert, ó sì yẹ kó mọ̀. Àmọ́ gbèsè ti gba ibi tí ọpọlọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Láti ojú títì, ẹni tó bá ń kọjá lè wo ilé náà já: pálọ̀ tí kò ní àga, ihò gílóòbù lójú àjà, ilé ìdáná, títí dé ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé.

Kí ẹ̀wà tó tán nínú ìkòkò Sookram láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàlélógún, òpópónà ti parí ìwádìí.

"Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ lọ," Sookram ń kà á fún Tántì Philo lórí ìka. "Iná tẹ̀ lé e. Àga lọ. Ní báyìí, kọ́tìnnì ti lọ. Tántì, ọkùnrin yẹn dúró níbí yìí, ó ní kí n ta ìdajì dọ́bùlù fún òun. Mo rò pé àwàdà ni."

Tántì Philo fi ọwọ́ di àyà mú. "Báńkì ti gba ilé lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Èmi rèé tí mo fi í ṣẹ̀sín, tí mo pè é ní ayálégbé." Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì mú àpò ìwé kan jáde nínú báàgì rẹ̀. "Sookram, bọ ọwọ́ sápò. Bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí Kérésìmesì pé, Cuthbert gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Tántì Philo ló rí pẹ̀lú odindi itan ẹlẹ́dẹ̀ sísun nínú aṣọ, Sookram sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Àwọn bíi mẹ́wàá mìíràn dúró sí ẹnu géètì, wọ́n ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó wá síbi òkú.

"Cuthbert, ọmọ mi," Tántì sọ, "má sọ nǹkankan. A ti mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀, Tántì?"

"Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó dáa jù wá lọ. Ìgbà wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kó jáde?"

Cuthbert kò kọ́kọ́ lóye. Ó wo ojú Tántì, ó wo ojú Sookram, ó wá yíjú wo fèrèsé rẹ̀, ó sì rí ilé náà bí wọ́n ṣe rí i. Ó la ẹnu láti sọ pé rárá o, ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí n di onílé. Ẹnu náà ṣí sílẹ̀ dáadáa. Ìgbà yẹn gan-an ni òórùn itan ẹlẹ́dẹ̀ náà kọjá lábẹ́ imú rẹ̀, Tántì sì ki àpò ìwé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ilé mọ́kàndínlógún ló dá a," Tántì sọ. "Ẹgbẹ̀rún méjì, irinwó àti àádọ́ta dọ́là. A mọ̀ pé kò lè gba ilé padà. Ẹ fi gba yàrá."

Cuthbert pa ẹnu dé. Ó tẹrí ba. Òpópónà rò pé ẹkún ló ń sun. Ìṣirò ló ń ṣe.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Lystra dúró síwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera.

"Lọ sọ fún wọn."

"N ó sọ."

"Nísinsìnyí."

"Bí mo bá ti san án tán. Ìgbà yẹn ló máa dùn létí wọn jù."

"Cuthbert, àwọn tó fẹ́ràn ẹ lo ń jà lólè."

"Ṣé mo bèèrè ni? Ṣé mo sọ pé báńkì gba ilé? Ẹnu mi ò ṣí."

"Ó ṣí," Lystra sọ. "Mo rí i tó ṣí. Ẹlẹ́dẹ̀ ló pa á dé."

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, Cuthbert san ẹgbẹ̀rún méjì àti irinwó náà. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì fi òǹtẹ̀ lu ìwé, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó kí i kú oríire. Ẹni kan ṣoṣo tó kí i kú oríire nìyẹn. Ó fi ìwé náà sí àpò àyà, ó gba ilé lọ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jọba, ó dé igun òpópónà, Sookram sì ki dọ́bùlù méjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Má sanwó. Ṣe ọkàn akin, Noreiga. Ọlọ́run ń wò."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ní òun ti san gbèsè tán, wọ́n á bi í ní ọjọ́ tó san án, wọ́n á sì bi í nípa owó tó fi san án. Bó bá sì dákẹ́, ayálégbé náà ni. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọkùnrin tó ní ilé rẹ̀ pátápátá ń rìn lójú títì pẹ̀lú ẹ̀rí rẹ̀ lápò àyà, àwọn ọmọdé sì ń yà kúrò lọ́nà fún un bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Tántì Philo ló kẹ́ ẹ ju gbogbo wọn lọ. Ó ní kí Cuthbert àti Lystra máa bọ̀ wá sí yàrá ẹ̀yìnkùlé òun bí wọ́n bá lé wọn jáde. Òun kò ní gba owó ilé ní oṣù méjì àkọ́kọ́.

"Tántì ń fún mi ní yàrá," Cuthbert sọ fún Lystra. "Èmi!"

"Ó lójú fèrèsé tó ní kọ́tìnnì," Lystra sọ. "Mo ń rò ó."

Ní Sátidé kejì oṣù Kìn-ín-ní, Tántì ránṣẹ́ pe gbogbo òpópónà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Cuthbert àti Lystra jókòó síwájú bí ọkọ àti ìyàwó tuntun.

"Ní Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ," Tántì sọ, "ọkọ̀ á dúró níwájú ilé mi. Mo ti sanwó fún awakọ̀. Aṣọ funfun la máa wọ̀. A máa lọ bá máníjà báńkì yẹn. Èmi ni mo gbẹ̀bí ìyá ẹ̀ nígbà tó bí i, mo sì mọ bí orí ẹ̀ ṣe rí kó tó ní irun. Kò ní lè wo ojú mi kó ní òun ò dá ilé Cuthbert padà."

Cuthbert gbé ọwọ́ sókè. "Tántì, ẹ má ṣe wàhálà."

"Wàhálà kọ́."

"Ẹ má lọ, Tántì. Mo bẹ̀ yín."

"Ìtìjú ló ń ṣe é," Tántì sọ fún àwọn tó kù.

"Ìtìjú ni, Tántì," Lystra sọ. "Àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí ẹ rò."

Ó na ọwọ́, ó yọ ìwé náà nínú àpò àyà ọkọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan Tántì Philo. Tántì wọ awò ojú. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá," ó sọ níkẹyìn. "Ọjọ́ wo la wá sílé ẹ?"

"Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Tántì."

"Owó wa wà nínú ìwé yìí?"

"Díẹ̀ níbẹ̀ ni."

"Èló ni díẹ̀?"

"Ó ṣẹ́ku àádọ́ta dọ́là."

"Níbo ni àádọ́ta náà wà?"

"Mo fi ra gílóòbù, Tántì," Lystra sọ.

"Ìyẹn dáa. Itan ẹlẹ́dẹ̀ mi ńkọ́?"

Cuthbert nu ẹnu. "A jẹ ẹ́. Ó dùn."

Sookram ló kọ́kọ́ tú ẹ̀rín. Ó gbìyànjú láti fi ikọ́ bò ó, kò ṣeé bò. Tántì Philo kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tó ò sọ fún wa?"

"Mo fẹ́ kí ẹ pè mí ní onílé ni," Cuthbert sọ. Létí ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kéré bí ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Tántì ká ìwé náà, ó dá a padà fún un. "N kò lè pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí báńkì ń bẹ níbẹ̀, ẹni kan ṣoṣo ló bá ọ jọ ni ilé yẹn. Ní báyìí, ilé mọ́kàndínlógún ni. Ṣé o gbọ́?"

"Igba dọ́là ni mo dá," Sookram sọ. "Fèrèsé iwájú ni temi."

"Ilẹ̀kùn ni temi," Tántì sọ.

Kí kọfí tó délẹ̀, wọ́n ti pín ilé náà tán títí dé orí igi máńgòrò.

Cuthbert rò pé àwàdà ni. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni Sookram dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta, wọ́n ní àwọn wá wo fèrèsé àwọn. Wọ́n wò ó, wọ́n jẹun, wọ́n tún wò ó. Sọ́ńdè kejì, ilé méjì mìíràn ló wá. Báńkì kì í jókòó síni nílé kó bèèrè ata, kì í tú ìkòkò wò, kì í bi ìyàwó ẹni bóyá ọkọ rẹ̀ ń fún un ní owó ọbẹ̀. Lystra ra àga tuntun, ó ra kọ́tìnnì aláwọ̀ wúrà, ní owó pípé, ọkọ rẹ̀ kò sì lè sọ̀rọ̀, torí Tántì wà níbẹ̀ nígbà tí Lystra ń ta á sójú fèrèsé.

Cuthbert padà sí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Owó tó ń lọ sí báńkì tẹ́lẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Kí oṣù Kejì tó parí, ó ti kó ẹgbẹ̀rún méjì, irinwó àti àádọ́ta dọ́là jọ, ó kọ orúkọ àti iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ilé mọ́kàndínlógún ni kò gbà á. Ọ̀dọ̀ Tántì ló parí rẹ̀ sí.

"Ẹ̀bùn la fún ọ," Tántì sọ, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ẹ̀wà tó ń ṣà. "A kì í san ẹ̀bùn padà."

"Tántì, ẹ jẹ́ kí n san án kí ọkàn mi balẹ̀."

"Ìkánjú kí ni? Ogún ọdún wà níwájú. Kí Lystra fi ẹran sí pelau lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìyá Sookram ní òtìlì ń dun òun ní inú."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, Sookram fa àga tuntun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé kọfí lé itan, ó ní ọ̀dà fèrèsé òun ti ń ṣí. Àwọ̀ ewé ló wu òun.

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti fẹ́ kun ilé yìí ní yẹ́lò," Cuthbert sọ.

"Kun tìrẹ ní yẹ́lò. Mo ń sọ nípa temi."

"Ta ló máa ra ọ̀dà?"

"Fèrèsé ni mo dá owó fún, Noreiga. N kò dá owó ọ̀dà."

Cuthbert wọ bàtà. Ó ti dé géètì nígbà tí Lystra yọ orí sóde láàrin kọ́tìnnì.

"Má ra kékeré o," ó ní. "Tántì fẹ́ kí ilẹ̀kùn bá fèrèsé mu."